Kẹ̀kẹ́ Bàbá Ẹ̀pẹ́ àti Rílì Múfútáù

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ọmọ mi Àṣàbí wo fóònù rẹ̀ lórí ògiri dáàmù, tó gbójú sókè, tó sì rí i pé ọkọ̀ baba òun ń lọ lójú omi láìsí ẹni tó ń tù ú. Ọjọ́ Sátidé ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Àṣàbí wá kí mi láti Ìpetumodù. Múfútáù wà níbẹ̀, òun àti èmi la jọ ń pẹja láti ìgbà èwe. Ìyá Kúdí, tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ wa láti yan, ń dúró de tèmi. Ọlọ́kadà tó gbé Àṣàbí wá kò tíì lọ, ó fẹ́ gbé e padà. Èmi wà láàárín omi. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni n kò mọ̀ pé mò ń lọ.

N óò dé orí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dé orí omi.

Olùkọ́ ni Àṣàbí. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó fẹ́ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì ló ń bi í léèrè irú iṣẹ́ tó yẹ kí èèyàn ṣe láyé, ó wá ní kí n sọ tèmi fún wọn. Mo ní n kì í ṣe ẹni tó lọ́rọ̀ lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ nígbà náà, Bàbá mi. Ẹni tó ń kọ̀wé, ta ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀?" Bí mo ṣe jókòó ti bébà nìyẹn.

Ràsákì lorúkọ mi. Ilé-Ifẹ̀ la bí mi sí, ṣùgbọ́n ará Ẹdẹ ni baba mi. Wọ́n ń ránṣọ nítòsí Ẹnuwà, wọ́n sì kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé mi dúró sí. Ìyá mi fà mí lọ́wọ́ lọ bá apẹja kan létí dáàmù, ó ní, "Ẹ bá mi sọ ọ́ di èèyàn." Ọkùnrin náà wò mí látòkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ó lè dákẹ́?" Ìyá mi ní, "Ìyẹn nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe." Ó parí. Ti owó, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Owó iṣẹ́ ẹja tó jẹun, kò tó fi ṣe fáàrí.

Ará Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀gá mi, Bàbá Ẹ̀pẹ́ la sì ń pè wọ́n. Inú ọ̀sà ni wọ́n dàgbà sí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìjọba dí odò kan nílẹ̀ Ifẹ̀ kí ìlú lè rí omi mu, tí ẹja sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n wá. Wọ́n máa ń fi omi wa ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ìkòkò ni ẹ pè ní odò." Ṣùgbọ́n wọn kò padà sí Ẹ̀pẹ́ mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa omi yẹn ni pé ìdajì ojú rẹ̀ ni ojúoró bò. Àwọn èèyàn a máa ṣàdúrà pé ojúoró ní í lékè omi. Ẹni tó bá ń ṣe àdúrà yẹn kò tíì bá ojúoró ṣiṣẹ́ rí. Ewé rẹ̀ ń so mọ́ra wọn, gbòǹgbò wọn ń lọ́ mọ́ra nísàlẹ̀, títí yóò fi dà bí ẹní tí a tẹ́ sórí omi. Ọ̀kadà kò lè gun orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹ ń rìn níbẹ̀ fàlàlà. Abẹ́ ẹní yẹn ni ẹja ńlá ń sá oòrùn sí. Àwọ̀n kò ṣe é jù síbẹ̀, ewé ni yóò kó. Nítorí náà, a máa ń tu ọkọ̀ wọ inú ojúoró, a ó fi àdá gé ihò kan tó fẹ̀ tó abọ́ ìfọṣọ, a ó jókòó tì í bí ẹni tó fẹ́ fa omi kànga, a ó sì sọ ìwọ̀ sílẹ̀ gbọnrangandan sínú ihò náà. Fèrèsé là ń pe ihò yẹn. Bí apẹja kan bá kí èkejì láàárọ̀, ohun tó máa bi í ni pé, "Fèrèsé mélòó lo ṣí lánàá?"

Ọ̀pá tí a ń lò kò gùn ju apá èèyàn lọ, nítorí ìdí fèrèsé lo jókòó sí, kò sí ibi tí o fẹ́ na ọ̀pá sí. Ara ọ̀pá náà ni kẹ̀kẹ́ wà. Bàbá Ẹ̀pẹ́ ló ń gbẹ́ kẹ̀kẹ́ wọn fúnra wọn. Igi ọmọ̀ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, ó rí róbótó bí àwo ọbẹ̀ kékeré, ìṣó kan wà láàárín rẹ̀ tó ń yí lé lórí, okùn sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí ká. Bí o bá jọ̀wọ́ okùn, kẹ̀kẹ́ a máa yí, okùn a máa bọ́ sílẹ̀ tààrà. Bí o bá fẹ́ fà á sókè, o ó yí kẹ̀kẹ́ padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ohun tí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí ni pé Bàbá Ẹ̀pẹ́ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìwọ̀ títí òjò ọdún yẹn fi dá. Okùn ni mò ń ká. Láàárọ̀, wọ́n á tú gbogbo okùn sílẹ̀ lórí iyanrìn, wọ́n á ní, "Ká a." N óò ká a. Wọ́n á di ojú wọn, wọ́n á fi àtàńpàkò wọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ náà. Bí okùn kan bá gun orí èkejì níbì kan, wọ́n á mọ̀.

"Ràsákì, ṣé okùn lo ká ni àbí ìtẹ́ ẹyẹ?"

"Okùn ni, Bàbá."

"Ó dára. Ẹyẹ yẹn á yé ẹyin síbẹ̀ lálẹ́. Tú u."

N óò tú u. N óò tún un ká.

Nínú ọkọ̀, a kì í sọ̀rọ̀. Ẹja tó wà lábẹ́ ojúoró ń gbọ́ ohun gbogbo tó bá kan ara ọkọ̀. Mo sín lọ́jọ́ kan. Bàbá Ẹ̀pẹ́ kò bá mi wí. Wọ́n ká okùn wọn, wọ́n mú àjẹ̀, wọ́n tu ọkọ̀ padà sétí omi, wọ́n fi ọwọ́ júwe ilẹ̀ fún mi, mo sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì tu ọkọ̀ padà lọ sídìí fèrèsé wọn. Orí òkúta ni mo wà títí wọ́n fi parí iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, kí a tó wọ ọkọ̀, wọ́n fẹnu sí mi létí, wọ́n ní, "Ṣé imú ti gbọ́?" Mo ní imú ti gbọ́. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá fẹ́ sín, inú mi ni mò ń sín in sí. Ìyàwó mi kò fẹ́ràn ìyẹn rárá. Ó ní ó ń ba òun lẹ́rù.

Ohun kejì tí wọ́n fi kọ́ mi ni atẹ́gùn. Wọ́n ní atẹ́gùn ni baálé ojúoró, ibi tó bá ní kó lọ ló ń lọ. Kí a tó tu ọkọ̀, mo gbọ́dọ̀ fi ìka sẹ́nu, kí n nà án sókè, kí n sọ ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Bí mo bá ń wo omi dípò kí n wo ewé igi, wọ́n á ní, "Ìwọ tó ń wo ẹja, ta ló ń bá ọ wo atẹ́gùn?"

Ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n máa ń ki òpó bọlẹ̀ lójú omi, wọn a sì so ọkọ̀ mọ́ ọn. Dáàmù tiwa jìn jù fún òpó. Ara ojúoró náà là ń so ọkọ̀ mọ́, kí atẹ́gùn má baà tì í kúrò nídìí fèrèsé. Gbogbo wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ewu níbẹ̀, nítorí nígbà tí wọ́n dí odò náà, wọn kò gé igi tó wà nínú àfonífojì. Omi bò wọ́n mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe dúró. Gbòǹgbò ojúoró kọ́ mọ́ ẹ̀ka àwọn igi yẹn nísàlẹ̀, ó sì dúró gbọnin. Atẹ́gùn a máa mì í, kò lè gbé e.

Bàbá Ẹ̀pẹ́ fún mi ní òmìnira nígbà tí irùngbọ̀n mi jáde dáadáa. Wọ́n fún mi ní kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n gbẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Má bú u." Ìwúre wọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ wá kan Múfútáù. Àbúrò ni lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti dàgbà ju tèmi lọ. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ẹ̀pẹ́ la jọ kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn òmìnira rẹ̀, ó lọ sí Èkó fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó padà dé, ó mú rílì bọ̀, kẹ̀kẹ́ ìpẹja ti òyìnbó. Irin tó ń dán ni, ó ní apá kékeré kan tó dà bí ẹsẹ̀ akàn, ikùn rẹ̀ tí okùn ká mọ́ sì dúró lójú kan. Okùn kì í yí ikùn náà bó bá ń jáde. Ó kàn ń yọ lórí rẹ̀ ní òrùka òrùka, bí ẹni ń bọ́ ẹ̀gbà lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ìró rẹ̀. N kò sọ fún Múfútáù.

Ó dúró létí omi, ó ju ọ̀pá náà sẹ́yìn, ó fì í síwájú. Òjé àti ìwọ̀ fò, wọ́n fò lọ jìnnà, wọ́n bọ́ sínú omi níbi tí ọkọ̀ mi yóò ti rẹ̀ mí kí n tó dé. Ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n Ràsákì, kẹ̀kẹ́ yín lè ṣe èyí?"

"Kẹ̀kẹ́ mi kì í fò."

"Ẹ jẹ́ ká sin kẹ̀kẹ́ yìí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ti gbó. Ó ti ṣe gudugudu méje."

Mo ní kó mú rílì rẹ̀ wá sídìí fèrèsé. Ó wá. A ṣí fèrèsé méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a sọ ìwọ̀ sílẹ̀, ekòló kan náà la fi ṣe ìjẹ. Mo pa ẹja àrọ̀ méjì kí tirẹ̀ tó mì. Ó gún un lára. Ó rò pé oògùn ni. Mo ní kó fa okùn rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, kó sì wo ekòló rẹ̀ nínú omi. Ekòló náà ń yí bí òkòtó. Ó yí sápá ọ̀tún, ó dúró, ó yí sápá òsì.

Ohun tó fà á nìyí, ẹ̀yin ọmọ, nítorí kò sí ẹni tó kọ́ wa, àwa la wò ó títí tó fi yé wa. Gbogbo òrùka tó yọ lórí rílì ló ń fi ìlọ́ kan sílẹ̀ nínú okùn. Bí o bá ju okùn náà jìnnà, tí o sì ń fà á bọ̀, kò sí wàhálà, ìjẹ ń sáré, ẹja kò ráyè wò ó. Ṣùgbọ́n nínú fèrèsé, ìjẹ kò lọ síbì kan. Ó so rọ̀ lójú kan. Gbogbo ìlọ́ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú lára rẹ̀, ekòló á máa jó. Ẹja abẹ́ ojúoró kò ní ohun mìíràn tó ń ṣe, ó ní àkókò. Ó dúró, ó wò ó, ó rí ekòló tó ń jó láìsí ìlù, ó bá tirẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ ń bá okùn yí ni, kì í lọ́ ọ, ìjẹ á dúró jẹ́ẹ́.

Nígbà tí mo ṣe àlàyé tán, Múfútáù ní, "Ẹja yín ló ya ọ̀lẹ. Ẹja tèmi fẹ́ràn ijó."

Ó kó rílì rẹ̀ lọ sí apá ibi tí ojú omi ti mọ́, lẹ́bàá ògiri dáàmù, ó ń jù ú níbẹ̀, ó sì ń pa epìyà àti àwọn ẹja mìíràn tí èmi kì í rí. Èmi dúró ti fèrèsé mi. Ìjà ẹnu yẹn ni a fi dàgbà. Ìgbà òwú lọ, ìgbà ọ̀rá dé, okùn di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé ojú mi kò rí i mọ́. Múfútáù pààrọ̀ rílì lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin. Èmi pààrọ̀ ìṣó àárín kẹ̀kẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń béèrè pé ọwọ́ ta ni àwọn ó wò, Ìyá Kúdí ló sì máa ń dá wọn lóhùn. Ó ní, "Mo ti ń yan ẹja yín láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹja kan ò sọ fún mi rí pé rílì ló fa òun. Ẹ lọ pẹja, ẹ̀yin onírònú wọ̀nyí."

Ní àárín gbogbo èyí, mo fẹ́ Sàlámátù. Òun ló tì mí lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Òkè-Ògbò, nígbà tí Àṣàbí fúnra rẹ̀ ti ń kàwé. Ojú ń tì mí láti jókòó sórí bẹ́ńṣì. Sàlámátù ní, "Ẹ̀yin tí ẹ lè jókòó ti ihò látàárọ̀ dalẹ́, bẹ́ńṣì wo lẹ ò lè jókòó sí?" Mo lọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n kà. Lẹ́yìn náà ni àìsàn mú un nínú ọyẹ́ ọdún kan, kò sì gbé e dìde. Ọlọ́run forí jì í. N kò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Àṣàbí wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí ni. Ó ní, "Bàbá mi, òbí kan ló kù fún mi láyé báyìí. Ẹ sì ń gbé e lọ sórí omi lójoojúmọ́." Mo ní n óò fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí ọyẹ́ bá tún dé. Ọyẹ́ dé, mo ní ó di òmíràn. Bẹ́ẹ̀ là ń bá a bọ̀. Ó lọ́kọ sí Ìpetumodù, ó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òpin ọ̀sẹ̀ kan kò kọjá kó má wá wo bóyá mo ṣì wà. Ó á ní ẹja lòun wá gbà. Bó bá ti rí mi, ó máa ń gbàgbé ẹja náà sílẹ̀.

Mo ti sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta nígbà tí ọjọ́ Sátidé yẹn dé. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni. Mo ti fi ìka wo atẹ́gùn láàárọ̀, ó ń bọ̀ láti apá ìlú, ó rọra. Mo tu ọkọ̀ wọlé, mo so ó mọ́ ojúoró, mo ṣí fèrèsé. Títí di ọ̀sán, mo ti rí àrọ̀ díẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, atẹ́gùn òjò kan dìde lójijì láti apá òkè. Ojúoró mì. N kò bìkítà, ó máa ń mì.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé igi abẹ́ omi yẹn ti jẹrà. Ọdún ti gorí ọdún, igi tó kú sínú omi kò lè wà títí. Ẹ̀ka tí gbòǹgbò ojúoró kọ́ mọ́ dá nísàlẹ̀, ẹní ojúoró ńlá náà sì já. Ó ń lọ. Mo so ọkọ̀ mi mọ́ ọn, èmi náà ń lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó yí mi ká ló ń bá mi lọ, ewé, fèrèsé, ẹyẹ tó dúró lórí ewé. Lójú mi, kò sí ohun tó kúrò níbi tó wà.

Àmì kan ṣoṣo tí mo rí ni okùn mi. Ó ti so rọ̀ gbọnrangandan látàárọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fà, kẹ̀kẹ́ ń yí fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Inú mi dùn. Mo ní ẹja tí mo ti ń wá láti ìgbà ọ̀dọ́ nìyí. Ìwọ̀ mi ló ti kọ́ mọ́ nǹkan nísàlẹ̀ omi, èmi ni mò ń sún kúrò lórí rẹ̀, èmi sì rò pé ẹja ló ń sún kúrò lábẹ́ mi. Ẹni tí kò bá jókòó ti fèrèsé rí kò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn.

Mo gbọ́ igbe lókèèrè. Ohùn Múfútáù ni. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n o!" Inú bí mi. A kì í pariwo lórí omi, ọ̀dọ̀ Bàbá Ẹ̀pẹ́ lòun náà ti kọ́ ọ. Mo gbé ọwọ́ sókè láìwẹ̀yìn, mo fi ní kó dákẹ́. Ó tún pariwo. Mo tún fi ọwọ́ ní kó dákẹ́. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Àṣàbí, ó ní, "Bàbá mi!" Ohùn yẹn ló jẹ́ kí n gbójú sókè.

Múfútáù tó yẹ kó wà lẹ́yìn mi wà lápá òsì mi. Ògiri dáàmù tó yẹ kó jìnnà wà níwájú mi. Mo gbọ́ ìró omi. Ibi ìdàsílẹ̀ ni, ibi tí omi tó bá pọ̀ jù ti ń dà kọjá ògiri, tó ń já sórí òkúta nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹní ojúoró náà ń gbé mi lọ.

Mo gé okùn tí mo fi so ọkọ̀. Ojúoró ti sé mọ́ ẹ̀yìn mi, ọ̀nà tí mo gbà wọlé kò sí mọ́. Mo ki àjẹ̀ bọ omi, gbòǹgbò ló bá pàdé. Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ èèyàn nínú gbòǹgbò yẹn, ńṣe ló dà bí ẹsẹ̀ adìẹ tí wọ́n dì. Ọkọ̀ Múfútáù kò lè wọ ibẹ̀. Mo rí Àṣàbí tó di orí rẹ̀ mú. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ikú. Mo ní, ọmọ yìí yóò rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Múfútáù ti mú rílì. Mo rí i tó fi eyín já ìwọ̀ kúrò lẹ́nu okùn, ó fi òjé nìkan sílẹ̀, kí ìwọ̀ má baà kọ́ mi lójú. Ó jù ú. Atẹ́gùn gbá a lọ sẹ́yìn mi. Ó fà á padà, ìró rílì náà ń lọ kíkankíkan. Ó tún jù ú, ó bọ́ sínú ewé níwájú, ọwọ́ mi kò tó o. Ó dúró. Mo rí i tó fi ìka sẹ́nu, tó nà án sókè sí atẹ́gùn bí ọmọ iṣẹ́. Ó wá yíjú sí apá ibi tí n kò sí rárá, ó sì jù ú síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Atẹ́gùn mú un, ó gbé e bọ̀ ní ìdajì òṣùpá, okùn náà sì wálẹ̀ sórí orúnkún mi bí ẹni tó fi ọwọ́ gbé e lé e.

"Ẹ má fà á gidi o! Á já!"

Okùn tín-ín-rín yẹn kò lè fa ọkọ̀. Múfútáù so okùn ńlá tó fi ń de ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́ ìdí okùn rílì náà, ó ní kí n máa fà á díẹ̀díẹ̀. Mo fà á bí mo ṣe ń fa ẹja tí ìwọ̀ kò kọ́ dáadáa, tí n kò fẹ́ kó bọ́. Okùn ńlá náà gun orí ewé bọ̀ bí ejò. Mo dì í mọ́ imú ọkọ̀. Mo mú àdá, mo ń gé gbòǹgbò níwájú ọkọ̀, lápá ọ̀tún, lápá òsì. Lórí ògiri, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di okùn mú. Ọlọ́kadà bọ́ bàtà. Ìyá Kúdí ló ń dárí wọn.

"Ẹ fà á! Ẹ má jáwọ́! Ẹ fà á bí agbẹ̀bí ń fa ọmọ!"

Ọlọ́kadà ní, "Ìyá, mi ò gbẹ̀bí rí o!"

"O ti bẹ̀rẹ̀ lónìí! Fà!"

Ọkọ̀ náà gbọ̀n, ó fì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí ewé. Nígbà tí mo kan ògiri, apá Múfútáù ló gbé mi gun òkè. Mo yíjú padà. Ẹní ojúoró dé ibi ìdàsílẹ̀, ó tẹ̀, ó fà ya, ó dà kọjá ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́.

Àṣàbí ń yọ gbòǹgbò kúrò lára aṣọ mi, ó ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Múfútáù jókòó sílẹ̀, ó ń mí.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Kí ni?"

"Ẹ rántí ohun tí ẹ ní rílì ń ṣe?"

"Ó ń lọ́ okùn. Ó ń mú ekòló jó."

"Àti kí ni?"

Mo ronú sí i. Mo ní, "Ó sì ń fa àgbàlagbà." Ìyá Kúdí rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹkún, ó sì nu ojú rẹ̀, ó ní ẹja òun dà.

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì Àṣàbí, bí ẹnì kan nínú yín bá lọ sórí omi, títí di òní, n óò sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ ló dára nídìí fèrèsé. N kò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Ṣùgbọ́n kó rí i pé ẹnì kan wà lórí ògiri tó ní rílì, tí òun àti ẹni náà kò sì tíì bá ara wọn jà débi tí wọn kò fi ní kíra mọ́. Iṣẹ́ yìí bọ́ mi, ó bọ́ ìyàwó mi, ó rán ọmọ mi nílé ìwé. N kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ògiri yẹn, nígbà tí ẹsẹ̀ mi tẹ sìmẹ́ńtì, ara mi fúyẹ́ lọ́nà tí kò ti fúyẹ́ láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀gá mi. Mo sọ fún Àṣàbí pé, "Ó tán."

Ó ní, "Kí ló tán?"

Mo ní, "Omi."

Ó ti gbọ́ ọ rí. Ó san owó fún ọlọ́kadà, ó ní kó máa lọ, òun á sùn sílé mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kírun Ṣùbúhì tán, mo wọ ẹ̀wù, mo ṣílẹ̀kùn. Àṣàbí ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lórí àpótí, ó ká ọwọ́ gbera.

"Bàbá mi, níbo?"

N kò mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi jáde. Mo ní, "Mo fẹ́ lọ ra àkàrà."

Ó wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Àjẹ̀ lẹ fẹ́ fi rà á?"

Mo wo ọwọ́ mi náà. Mo gbé àjẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó gbà á, kò rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gba ọ̀nà òkè lọ, kì í ṣe ọ̀nà omi. Obìnrin tó ń din àkàrà ní ìkóríta bi mí pé ṣé ara mi yá, nítorí òun kò rí mi rí ní àkókò yẹn. Mo ní ara mi yá. Mo ra tèmi, mo ra ti Àṣàbí. Ó gbóná, mo jẹ ọ̀kan lójú ọ̀nà.